Ìyá Ológbò Tí O Fi Sílẹ̀ Lọ́dọ̀ Mi

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ yín. Ara bàbá wa ti yá, àfi orúnkún.

Ológbò tí o fi sílẹ̀ fún mi ṣì rí tó-tò-tó bí ẹkùn. Ó ń ṣí ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀, bí mo bá sì bá a wí, á dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ó ti rù kan eegun. Ìyàwó rẹ bí ẹyọ kan, o ní kó sinmi ọdún mẹ́ta. Eléyìí bí mọ́kànlá láàárín ọdún kan, o tà wọ́n tán, o tún kọ̀wé pé kí n gbé e fún akọ. Ojú ò tì ọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lánàá. Ó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò ní bímọ mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Fi oògùn orúnkún bàbá ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ lo ṣì ń wá, bẹ ìyàwó rẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin