Igi Wa Dúró Nínú Odò

Ẹ̀gbọ́n mi Asumani, ẹ kú àjò o, ẹ̀yin àtará ilé yín ní Brussels. Ara Bàbá le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn ojú wọn ránṣẹ́.

Ẹ ní ká yọ̀ǹda ojú ìpẹja wa ní Kisangani, torí ọkùnrin tó lè wọ odò ò sí nílé mọ́. Mo bá wọ odò fúnra mi. Salumu aládùúgbò wa pariwo: "Feza, omi yìí kì í ṣe ọbẹ̀ o! Padà sídìí ààrò!"

Mo ri igi wa mọ́ àárín odò, mo fi okùn igbó dì í, ó dúró gbọin, mo so ìgèrè kọ́ ọ kí ẹja lè kó sínú rẹ̀. Àwọn àlejò tó wá wòran pàtẹ́wọ́. Ẹja tó kọ́kọ́ kó sí i, Salumu ló bá mi gbé e.

Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí ẹ tó dẹ ìgèrè.

Feza, àbúrò yín.