Ìyá Àwọn Àṣá: Ìgbésí Ayé Dìákónẹ́ẹ̀sì Rosemary Àdùkẹ́ Adéṣọkàn (1962–2025)

Ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n bí Rosemary Àdùkẹ́ sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wọn ni olóògbé Joseph Akínlàbí, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá wọn ni olóògbé Abígẹ́lì Akínlàbí, tí ń ránṣọ. Bàbá Akínlàbí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Ọmọkùnrin tí wọn yóò máa mú lọ sí pápá ni wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run fún wọn ní obìnrin, wọn kò yí ètò wọn padà. Orí irin iwájú kẹ̀kẹ́ ni Àdùkẹ́ máa ń jókòó sí lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ará ilé ní kò bójú mu. Bàbá wọn ní ojú tí kò bá mu, kó máa wo ibòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ yìí ló wà lára wa.

Màmá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1968 sí 1974. Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1979, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ní Ìlọrin. Ní ọdún 1987 wọ́n wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó.

Ní ọdún yẹn kan náà wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú olóògbé Ayọ̀túndé Adéṣọkàn, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́, oníṣirò owó tó máa ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Nígbà tí ìjọba kó wá sí Abuja, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé àdúgbò Karu Site, nígbà tí eruku pupa ṣì ń bá ènìyàn wọlé sùn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá wa sùn ní ọdún 2011. Àwọn kan rò pé Màmá yóò padà sílé lọ máa gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí. Màmá ní ilé àwọn nìyí.

Wọ́n di dìákónẹ́ẹ̀sì ní ọdún 2009. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní èdè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdajì wọn fi ń dáhùn.

Ní ọdún 2022 Màmá fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n lọ bá àwọn tó ń darí Àṣá Karu, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, pé àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n ṣe mánẹ́jà, ẹni tó ń rí sí oúnjẹ, ìrìn-àjò àti ìlera àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ọdún kejì Àṣá gòkè sí líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Nínú ààwẹ̀ ọdún yìí, Màmá ló ń gbé dàbínù àti omi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run títí oòrùn fi wọ̀.

Sáà bọ́ọ̀lù tó ń parí lọ yìí ni ẹbí fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nígboro.

Líìgì kò ṣẹnuure fún Àṣá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní, ẹgbẹ́ wa ti wà lára àwọn tó fẹ́ já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ sì sọ ọ́ ní gbangba pé bí Àṣá bá já, òun yóò ta ipò ẹgbẹ́ náà fún àwọn ará ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sì ní sí Àṣá mọ́ ní Karu. Ó ní kí wọ́n yọwọ́ nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ, kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lè sinmi fún líìgì. Ọjọ́rú ni wọ́n ń gbá ife-ẹ̀yẹ, Sátidé ni líìgì.

Màmá dá a lóhùn níwájú gbogbo ènìyàn: “Ọ̀gá, ọmọ tí ẹ bá kọ́ láti sá ní Ọjọ́rú, yóò sá lọ́jọ́ Sátidé náà.” Wọn kò yọwọ́.

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ife-ẹ̀yẹ náà, àwọn alátakò ti fi ayò kan ṣáájú wa, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ wa sì ti ń dìde lọ wá ọkọ̀. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, wọ́n ń pariwo, “Ó kù! Ó kù!”, pé àkókò ṣì wà. Kenny, aṣọ́lé wa, ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Karu ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń tàsé ohùn. “Ó kú” ló gbọ́. Ó fi ilé sílẹ̀, ó sáré wá bá Màmá.

“Mọ́mì, ta ló kú? Ṣé Dádì mi ni?”

Kó tó parí ọ̀rọ̀, àwọn alátakò ti gbá bọ́ọ̀lù láti àárín pápá wọnú ilé òfìfo.

“Kò sẹ́ni tó kú, ìwọ ọmọ yìí!” ni Màmá wí. “Ìwọ ni màá pa báyìí! Mo ní ó kù! Padà sílé ẹ!”

Rẹfirí rẹ́rìn-ín títí fèrè fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló tú àwọn ọmọ lára. Ayò mẹ́ta sí méjì ni a fi borí. Láti ọjọ́ náà ni “Ó kù” ti di igbe Àṣá. Àlhájì Saeed, ọmọ Ìlọrin tó ń ta táìlì ní ọjà Dei-Dei, alága àwọn olólùfẹ́, a máa dúró níwájú àwọn Gbagyi, Hausa àti Ìgbò: “Kai! Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀! Bí ẹ bá gbé e sókè, òkú lẹ̀ ń kéde!”

Bí wọ́n ṣe ń ké e nìyẹn títí Àṣá fi dé àṣekágbá ní oṣù Kẹrin. Pẹ́nárítì ni wọ́n fi borí wa. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ wá bá Màmá níbi tí àwọn ọmọ ti dùbúlẹ̀ sórí koríko. Ó ní, “Ṣé ẹ ti rí i báyìí?” Màmá ní, “Mo rí i, ọ̀gá. Mo rí àwọn ọmọ tí kò sá.” Láti ìgbà náà, Àṣá kò tíì pàdánù nínú líìgì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọn kò tíì gbá. Bí wọ́n bá borí, a kò ní já. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, a já.

Àìsàn ọkàn ti ń bá Màmá jà láti ọdún tó kọjá. Dókítà ní kí wọ́n yéé lọ sí pápá. Màmá ní, “Dókítà, ilé ni ọkàn mi ti máa ń dùn mí. Kò dùn mí rí ní pápá.” Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n sùn lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, tíì wọn ṣì gbóná. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù ló pa wọ́n, kó wá sọ ohun tó pa àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jókòó sílé.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ kí a gbé Màmá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí a sì sin wọ́n ní ọjọ́ Sátidé, bí a ti máa ń ṣe. Sátidé náà ni Àṣá yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí yóò jẹ́ kí a sin Mọ́mì lẹ́yìn òun, Màmá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá ti kìlọ̀ fún wa lórí ọjọ́ Sátidé yìí kí wọ́n tó lọ.

Àgbà kan bínú. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bọ́ọ̀lù ló bí yín ni?”

Tèmídayọ̀, ọmọ kejì Màmá, kúnlẹ̀, ó sì dáhùn: “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tó bí wa ló ní kí a má gba Sátidé lọ́wọ́ àwọn ọmọ òun.”

Ìdí nìyí tí ẹ fi wà níbí lónìí, ọjọ́ Ẹtì, ní Abuja. Ẹbí kò tọrọ àforíjì.

Màmá fi àwọn ọmọ sáyé: Ìtùnúolúwa, Tèmídayọ̀ àti Ànú, àwọn ọmọ-ọmọ, àwọn àbúrò, àti gbogbo agbábọ́ọ̀lù Àṣá Karu. Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a yọ àwọn tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí kúrò nínú ìwé. A kò yọ wọ́n. Àwọn ló gbé pósí wọlé ní àárọ̀ yìí.

Kò sí jíjẹ àti mímu lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe Màmá lẹ́yẹ, ẹ wá sí pápá Karu lọ́la ní aago mẹ́rin. Ẹ má wọ dúdú. Bí a bá borí, bí wọ́n bá borí wa, ibẹ̀ ni ẹbí Adéṣọkàn yóò dúró sí títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn. Bí wọ́n bá sì ta Àṣá, kí ẹni tó tà á wá wo ojú wa kó tó gbowó.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ ti sáré tó. Ọ̀la kì í ṣe iṣẹ́ yín mọ́, tiwa ni.