Àgbàdo Ìyá Mi Ló Ba Àgbàdo Aládùn Jẹ́

Ilé Ọ̀ṣìnúbí,
Ọ̀nà Odò, Ìgbẹsà,
nítòsí Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Keje, 1989.

Ọ̀gá Àgbà,
Oko Ìwádìí Àgbàdo Aládùn,
Ọ̀tà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ ṢE LÉ BÀBÁ MI KÚRÒ LÓKO

"Yẹ̀kínì, olè ni ẹ́! O ta irúgbìn wa, o lọ gbin àgbàdo ọjà dípò ẹ̀! Kó ẹrù ẹ kúrò níbí kó tó di Mọ́ńdè!" Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé, alábòójútó yín, pariwo mọ́ bàbá mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́. Kò dàgbà tó ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

1. Bàbá mi kì í ṣe olè. Láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti lé e kúrò ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Àgbárá, iṣẹ́ yín nìkan ló kù fún un. Ọdún kẹta rèé tó ń bá yín tọ́jú oko tí kì í gba ajílẹ̀ òyìnbó, àfi ìgbẹ́ adìẹ. Ó máa ń já òdòdó orí irú àgbàdo kan dànù, kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó irú kejì lè bà lé e, kí ọmọ wọn dùn, kó sì lágbára.

2. Ẹ ní kò gbọdọ̀ sí àgbàdo mìíràn nítòsí. Ó gbà. Kódà ó bẹ Bàbá Dúrójaiyé tí oko wọn wà lódìkejì pé kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́.

3. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ìyá mi kú ní Oṣù Kejìlá. Àgbàdo ìbílẹ̀ tí wọ́n máa ń so rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, ni wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún, bí ìyá tiwọn náà ṣe ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ọdún yìí kọjá láìgbìn ín. Mo bá gbin ogún hóró sétí odò lẹ́yìn oko. Mo rò pé ibẹ̀ jìnnà tó. Mi ò mọ̀ pé atẹ́gùn lè gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dé oko yín. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti kúrò nílé-ìwé.

4. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ìlà mẹ́rin tó kọjú sódò nìkan ni hóró tó kún, tó ń dán bíi ti ìyá mi, ti dà pọ̀ mọ́ èyí tó hunjọ bíi ti àgbàdo aládùn yín. Ìlà tó kù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ta irúgbìn yín, ṣé ìlà mẹ́rin ló máa tà? Igi èyí tí mo gbìn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀yà ti jẹ gbogbo ọmọ rẹ̀.

5. Bàbá mi ò mọ̀. Tó bá mọ̀, kò ní nà mí. Á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe jókòó lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, mi ò sì lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da ti ìlà mẹ́rin yẹn nù, kí ẹ fi bàbá mi sílẹ̀. Kí Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé sì sọ fún àwọn tó gbọ́ pé bàbá mi kì í ṣe olè.

Àgbàdo ìyá mi ku ẹyọ kan lókè ààrò. Kò tún ní ba oko yín jẹ́ mọ́. Tí mo bá parí lẹ́tà yìí, màá yọ hóró rẹ̀, màá rẹ gbogbo rẹ̀ sómi. Ní Sọ́ńdè màá po ògì rẹ̀ fún bàbá mi. Mi ò ní sọ ohun tó ń mu fún un. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á débí.

Èmi ni tiyín, tí kò purọ́,
Ràfátù Ọ̀ṣìnúbí,
Ọmọ Yẹ̀kínì, olùtọ́jú oko kẹta.