Ẹni Tó Wá Wo Omi Inú Ilẹ̀ Wa

Ilé Aníwúrà,
Igbódìgò, lọ́nà Òkìtìpupa.

Tolúwalàṣẹ, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ẹ̀rọ tó ń bá ọ fọ aṣọ, nítorí ẹni tó bá ń ran ọmọ ẹni lọ́wọ́, ó yẹ kí á kí i. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìbàdàn? Ọlọ́run tí a kò rí, tí a ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò máa ṣọ́ àlọ yín, yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ yín. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, ṣùgbọ́n kò sí nílé, n óò ṣàlàyé ìyẹn tí mo bá débẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá sí ìjọ wa máa ń wàásù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí púpurú fi ń tutù sínú abọ́ kí á tó délé.

Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí hàn mọ́, mo ti rí àrídájú. Bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ohun tó ṣe fún mi.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí, tíṣà yunifásítì tí o bẹ̀ kó wá wò ó bóyá ilẹ̀ wa ṣeé kọ́lé sí, ti wá. Kí n tó ròyìn rẹ̀, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí o ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo gbọ́ nígbà tí o ní bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ àkùrọ̀, ìwọ yóò kúkú ra ilẹ̀ sí Ìbàdàn kí o kọ́ ilé rẹ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Ẹni tó bá kọ́lé sí Ìbàdàn ti di ará Ìbàdàn nìyẹn. A ó máa rí i ní Kérésìmesì, tó bá yá, ọdún méjì-méjì, tó bá tún yá, fọ́tò. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí mo ti fi sílẹ̀ dè ọ́ láti ìgbà tí o ti wọ ilé-ìwé girama, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o kọ́ ọ sí, kí ariwo àwọn ọmọ rẹ lè máa jí mi láàárọ̀.

Nítorí náà, mo palẹ̀ mọ́. Ṣebí tí àlejò bá ń bọ̀, a máa ń gbálẹ̀, a sì máa ń nu ikun imú ọmọ kó tó jáde síwájú àna. Mo ṣán gbogbo ewé tó ń hù níbi omi. Mo fa àwọn ògùrọ̀ kéékèèké tu. Mo dí ihò akàn, mẹ́tàdínlógún. Mo wá ní kí Benedict ọlọ́kadà máa bá mi ru ilẹ̀ pupa láti ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí àwọn onítípà ti ń gbẹ́ ẹ, àpò kan lẹ́yìn àpò kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo dà á sórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dán. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní ìmọ́tótó ni. Ká ní o rí i, ọmọ mi, inú rẹ ì bá dùn.

Olúsọjí dé ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú irin gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bi fóònù rẹ̀ léèrè ibi tí a wà. Mo ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, Igbódìgò ni. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé oṣù mélòó ni omi fi ń dúró lórí ilẹ̀ náà lọ́dún. Mo kọ ọ́ pé omi kì í dúró, ó kàn máa ń kọjá ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó kọjá tán.

Ó wá ń yí irin náà wọ ilẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, pupa ni, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún yí i. Èyí tó tẹ̀ lé e rí bí eérú, ó rọ̀, ohun kan bí ìpẹtà sì wà lójú ọ̀nà gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tí omi bá ti ń bò láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìṣó bàbá mi ló bọ́ síbẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, àmì omi nìyẹn náà. Mo ní ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ rẹ fún púpurú ló ń rùn. Ìyá rẹ tó dúró lẹ́yìn wa ní òun kò rẹ ẹ̀gẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Tolúwalàṣẹ, àwọn obìnrin kan wà tí wọn kì í gbèjà ọkọ wọn.

Ó tún yọ ìwé kékeré kan tó kún fún oríṣiríṣi àwọ̀, ó ń gbé ilẹ̀ náà sún mọ́ ọn, ó ń fi àwọ̀ wé àwọ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀dà tí a ó fi kun ilé rẹ ló ń yàn. Mo sọ fún un pé o kò fẹ́ràn àwọ̀ eérú láti kékeré, kó fi ti ojú ọ̀run sí pálọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ọmọlúàbí ni.

Gbogbo ibi tó bá ti rí eérú yẹn, ó ń ki àsíá búlúù kékeré mọ́ ibẹ̀, ó sì ń tẹ ibẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Nígbà tó wọlé lọ jẹun, mo fa mẹ́rin tu nínú wọn, mo sún wọn lọ sétí ògiri ilé Lérè, aládùúgbò wa, tó kúkú fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́. Olúsọjí jáde, ó wo fóònù rẹ̀, ó rìn tààrà lọ sí ilé Lérè, ó sì dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ojú ihò wọn. Fóònù ló tú mi fó, bẹ́ẹ̀ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló wà ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo máa ń da aṣọ bo tèmi.

Àwòrán ilẹ̀ náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì mọ̀ pé o ti rí tìrẹ. Búlúù ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ìgbà tí mo nu awò ojú mi ni mo rí i pé ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ yẹ́lò. Mo gbé ìwé náà jáde, mo wọn ẹsẹ̀ láti ibi kànga. Ilé wa ni. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀, ibi tí mò ń sùn nìkan ni omi kì í dé.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ra ilẹ̀ kankan sí Ìbàdàn. Wá wó ilé yìí, kí o sì kọ́ tìrẹ sórí rẹ̀. Mo ti dàgbà, yàrá kan tó èmi àti ìyá rẹ, kó ṣáà súnmọ́ ibi tí àwọn ọmọ yóò máa sùn. Kí o má baà rò pé ẹnu lásán ni, mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣí páànù mọ́kànlá kúrò lórí yàrá wa. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ fi kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyànsàn, ó ní tí orí mi bá pé kí n wá mú òun.

Jọ̀wọ́, fi owó tapólì ránṣẹ́, èyí tó tóbi, àti owó ọkọ̀ Ìyànsàn pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ tí mo máa fi bẹ ìyá rẹ. Olúwa yóò fi ọ́ ṣe olórí níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Ilé tí o bá kọ́, ìwọ àti ọmọ rẹ ni ẹ ó gbé inú rẹ̀ pẹ́. Yára o, ọmọ mi, òjò ti ṣú sí apá Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Dominic Aníwúrà,
tó ń wo ojú ọ̀run láti orí ibùsùn rẹ̀.