Àwòrán Tí Mo Yà Lókè Ilé Gíga

Màmá mi,

Ẹ kú ojúlọ́nà mi. Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀.

Òkè ilé tó ga jù ní àdúgbò yìí ni mo ti ya àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ yẹn. Àwọn èèyàn máa ń tò gan-an kí wọ́n tó lè gòkè lọ wo ìlú. Èmi kì í tò. Ẹ ní kí ló dé tí gbogbo àwọn tó kù wà nínú gíláàsì, tí èmi nìkan wà níta? Màmá, ojú yín ṣì mú o! Ìta la ti ń rí ìlú dáadáa. Bẹ́líìtì ìdí mi yẹn, òfin ibẹ̀ ni. Ọmọdé kan juwọ́ sí mi láti inú, mo sì fi ọṣẹ inú garawa mi ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sára gíláàsì fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí láàárọ̀ mọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì máa ń dí.

Ẹ tún béèrè nípa Aláwàdà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tí a sì jọ máa ń wà níta gíláàsì. Kò sí níbí mọ́. Atẹ́gùn pọ̀ lọ́jọ́ tó lọ. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà bó ṣe tẹ́ ẹ.

Ti àbúrò mi tó fẹ́ wá bá mi, ẹ ní kó ṣì fara mọ́ iṣẹ́ télọ̀ rẹ̀ ná. Rárá, ẹ ní kó má wá rárá.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ dárúkọ mi nínú àdúrà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń jayé.