Ẹ Tún Wá Wo Ọ̀nà Ilé-Ìwé Wa, Ẹ Má Sọ Ọjọ́ Tí Ẹ Ń Bọ̀

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀gbẹ́ Afárá Kékeré,
Ọ̀nà Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Pín Owó Ìrànwọ́ fún Ọ̀nà Ilé-Ìwé,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÌBÉÈRÈ WA FÚN OWÓ ÌRÀNWỌ́ YẸ̀ WÒ: ỌJỌ́ TÍ AṢOJÚ YÍN WÁ KỌ́ NI ỌJỌ́ TÍ ÀWỌN ỌMỌ WA Ń RÌN

1. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn afárá kékeré. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Lẹ́tà yìí ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo kọ. Ti àkọ́kọ́ gbóná. Ọkọ mi kà á, ó ní tí mo bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó tí à ń wá yóò di ti ẹlòmíràn. Mo fà á ya. Ṣùgbọ́n inú mi kò tíì tutù tán. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá bá ata níbì kan nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ fi orí jì mí.

2. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí yín pé a fẹ́ nínú owó ìrànwọ́ tí ìgbìmọ̀ yín ń fún àwọn ilé-ìwé, kí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè máa lọ, kí wọ́n sì máa bọ̀ láìséwu. A béèrè fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti afárá dé ẹnu géètì, ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ nìkan, àti ebè kéékèèké lójú títì tí yóò máa mú kí ọkọ̀ rọra. Kò sí ohun afẹ́ kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ fi dá wa lóhùn lóṣù tó kọjá sọ pé aṣojú yín ti yẹ ọ̀nà náà wò, pé ó tòrò, ó mọ́, ó sì dára tó fún àwọn ọmọ, nítorí náà kí a tún padà wá lẹ́yìn ọdún méjì.

3. Ẹ̀yin ọ̀gá, aṣojú yín kò parọ́. Ọ̀nà náà tòrò lọ́jọ́ tó wá. Àwa la mú un tòrò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

4. Ẹ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni aṣojú yín yóò dé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí a ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ara wa ò balẹ̀ mọ́. Alága wa, bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, pe ìpàdé, ó sì bi wá pé irú ilé wo ni wọ́n ti ń gba àlejò láìgbálẹ̀. Gbogbo wa ní òótọ́ ni bàbá sọ. Àwọn ìyá gbá ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn bàbá da yanrìn sí gbogbo ihò. Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹni tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti gba etí ọ̀nà láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ẹni tó ń kun ilé fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ fa ìlà funfun sójú títì níwájú géètì, ó sì gún régé. Èyí tó wá burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé alága lọ bẹ olórí àwọn awakọ̀ tó ń kó yanrìn, ó ní nítorí Ọlọ́run, kí àwọn ọkọ̀ wọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn títí di ọ̀sán. Wọ́n gbà fún un. Ọmọlúàbí ni wọ́n.

5. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n tètè dé. Nígbà tí aṣojú yín fi máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ti wà ní kíláàsì, aṣọ wọn ń dán, wọ́n ń kọrin ẹ káàbọ̀. Bàtà funfun ni aṣojú yín wọ̀. Ó rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàtà náà ò sì yí àwọ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ì bá wu òun kí gbogbo ọ̀nà rí báyìí. Ẹ̀yin ọ̀gá, a pàtẹ́wọ́! Èmi gan-an tí mò ń kọ ìwé yìí, mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí. A dà bí aláìsàn tó kun àtíkè, tó lé tìróò, kó tó lọ rí dókítà, tó wá ń bínú nígbà tí dókítà ní ara rẹ̀ le.

6. Oòrùn ò tíì kúrò ní àtàrí tí àwọn ọkọ̀ yanrìn fi padà. Búlọ́ọ̀kù padà sí etí ọ̀nà lọ́jọ́ kejì. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ tí ìlà funfun wa fi bá omi lọ.

7. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló kọ́kọ́ rí àṣìṣe wa. Bí a ti ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ló bi mí pé tí àlejò náà kò bá ní rí àwọn ọkọ̀ yanrìn, kí ló wá fẹ́ wá wò. Mo ní kó lọ da pàǹtí nù, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n àwa àgbà ò gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo jókòó tí mò ń kọ sí yín lónìí.

8. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ọmọ náà ju gbogbo wa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò gùn tó ti òsì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bí i. Tó bá rìn díẹ̀, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, á sì wá ibi jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá wòran! Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan, ó so ó mọ́ ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ tó kúrú lè bá ìkejì dọ́gba. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Afẹ́fẹ́, torí yóò ti kọjá lára wọn kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ tí wọ́n máa ń dúró dè tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń dúró de àwọn tó kù lẹ́nu géètì. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń dá maṣíìnì dúró láàárọ̀ kí n lè wò ó kọjá.

9. Ní oṣù kejì ọdún yìí, kí aṣojú yín tó wá, ọkọ̀ yanrìn kan yà kí ọkọ̀ mìíràn lè kọjá, búlọ́ọ̀kù sì wà létí ọ̀nà, ọmọ mi ò ríbi sá sí. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e jù sínú gọ́tà. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Àlùmágàjí ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé e jáde. Ọlọ́run yọ ọ́. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ya, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì wọ́ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé kò farapa ni a kò ṣe rí nǹkan kọ síbi tí fọ́ọ̀mù tí ẹ ní kí a kún ti béèrè iye ọmọ tó ti farapa. Mo ti rán aṣọ náà padà, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí ojú ibi tó ti ya. Èmi máa ń rí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́.

10. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé fòfin de kẹ̀kẹ́ títí a ó fi rí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Mi ò bá a jà. Abiyamọ ni òun náà, ó sì gbọ́ igbe tí mo ké. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Afẹ́fẹ́ ti ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ó máa ń pẹ́ dé, ìbàdí rẹ̀ máa ń wú, kò sì gbà kí bàbá rẹ̀ pọn òun, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ìlú mìíràn, ilé-ìwé sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ní kí a mú ọmọ wá sọ́dọ̀ òun bí sáà tuntun bá wọlé. Ọkọ mi ti gbà tìkọ̀tìkọ̀. Aṣọ ilé-ìwé ti ọ̀hún wà lórí maṣíìnì mi báyìí. Èmi tí mo máa ń rán ẹ̀wù ìyàwó kíákíá, tí aṣọ ọmọdé kì í gbà mí lásìkò, apá kan ṣoṣo ni mo tíì so mọ́ ti èyí láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé. Ọwọ́ mi ò gbé e. Òun nìkan ni mo bí, mi ò sì fẹ́ kó lọ.

11. A gbà pé ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá, kò lè jẹ́ tiwa nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ilé-ìwé ṣe rí, ṣé aago mẹ́wàá ló yẹ kó wá, nígbà tí gbogbo ọmọ ti jókòó sí kíláàsì? Nítorí àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe rán aṣojú yín, kò sì rí ọmọ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Kò bi ọmọ kankan ní ìbéèrè. Ó gbọ́ orin wọn, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo sọ èyí. Ibi tí ata wà nìyẹn, ó sì ti tán.

12. Ẹ má rò pé a kàn ká ọwọ́ lẹ́rán láti ìgbà náà. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, ìpàdé wa kọ́kọ́ di ariwo. Wọ́n di ẹ̀bi ru alága, bàbá àgbà náà sì ní òun yóò fi ipò sílẹ̀, pé òun ò fẹ́ kí àlejò bá wa nínú ìdọ̀tí ni. Ó ṣe mí láàánú gidigidi. Ibẹ̀ ni olórí àwọn awakọ̀ yanrìn, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kejì, ti dìde. Ó ní tí a bá lè bẹ àwọn kí àwọn yàgò fún àlejò, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ àwọn kí àwọn yàgò fún ọmọ. Ó wá ṣèlérí pé bí ìrànwọ́ yín bá dé, àwọn yóò gbé yanrìn iṣẹ́ náà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn bíríkìlà méjì tó jẹ́ òbí ní àwọn ò ní gba owó iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Oní-búlọ́ọ̀kù náà ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò létí ọ̀nà, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe nítorí àlejò. Mo sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà dé ibẹ̀ kí ẹ rò pé a tún ń tún ojú ilé ṣe. Ohun tó kù, agbára wa ò ká a láìsí yín: símẹ́ńtì, irin àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kúrò lára títì. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Tiwa la ti dà yẹn.

13. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má jẹ́ kí a dúró fún ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí aṣojú yín padà wá kí sáà yìí tó parí. Kó má sọ ọjọ́ fún wa. Kó wá láàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ, tàbí lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n bá jáde, kó sì bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn ń rí. Tó bá ṣeé ṣe, kó má wọ bàtà funfun.

14. Àwa náà ti ṣòfin fún ara wa: bí a bá rí àlejò lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìgbálẹ̀. Alága wa gbà, ṣùgbọ́n ó ní kò sí òfin tí yóò ní kí òun má fún àlejò lómi mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí aṣojú yín gba omi náà. Ọkàn bàbá ti gbọgbẹ́ tó.

15. Mo rò pé mo ti parí, àfi bí ọmọ mi ṣe gba ìwé náà, tó kà á, tó ní mo gbàgbé ohun kan. Ó ní ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kò tíì mọ ìdajì rẹ̀, pé kí aṣojú yín gun kẹ̀kẹ́ láti afárá dé géètì, kí ọkọ̀ yanrìn máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní bóyá àlejò ò ní kẹ̀kẹ́. Ó wọ inú yàrá lọ, ó yí tirẹ̀ jáde, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì gbé e ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ ló wà bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ti tú igi pẹlẹbẹ tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ kúrò, kó má baà ni àlejò lára, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ìwé rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun fi kẹ̀kẹ́ náà yá yín, ṣùgbọ́n kí ẹ dá a padà kí sáà tuntun tó wọlé, torí òun máa gùn ún lọ sílé-ìwé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wa.

Èmi ni tiyín, tí mò ń wo ojú ọ̀nà,

Ìyá Afẹ́fẹ́,
Aránṣọ àti Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí.