Ẹ̀rù Jẹ́jẹ́ Ni Ìyá Rẹ Mú

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le, ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí àwọn ẹ̀rọ tí o ń tọ́jú kò jẹ́ kí o ráyè jókòó? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, gbogbo wáyà iná tí o ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní mọ̀ pé o fọwọ́ kàn wọ́n. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀púpọ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kí ọ ju bí mo ṣe kí ọ lọ, mo sì ti kọ ọ́ báyìí kí àlàáfíà lè wà.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Òrùlé tí ìjì gbé lọ ní ọdún tó kọjá ti dúró ṣinṣin, èmi fúnra mi ni mo kan gbogbo ìṣó rẹ̀, kò sì sí ibi tó ń jò àfi ọ̀gangan ibi tí mo máa ń sùn sí. Àwọn adìẹ ń yé ẹyin. Fóònù tí o rà fún mi náà wà ní àlàáfíà. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú àpótí kí òtútù má baà mú un. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sí i ni pé ìgbà tí a bá jáde ló máa ń dún, n kò mọ ẹni tó ń sọ fún un pé a ò sí nílé.

Nípa iṣẹ́ rẹ, mo ti ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò. Mo ní ilé òkùnkùn kan wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ yín, tí èèyàn ń jókòó sínú ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lórí irin, tí ohun abàmì oríṣiríṣi á máa yọ sí i, àti pé ìwọ lo pín ẹ̀rù ibẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, jẹ́jẹ́, níwọ̀nba, àti gidi gan-an, kí oníkálukú lè mú èyí tí agbára rẹ̀ bá ká. Baba onígbàjámọ̀ tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa bi mí pé ṣé iṣẹ́ dókítà ni. Mo ní ó sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ tó ń bẹ̀rù alángbá ti ń bẹ̀ mí pé tí o bá wálé, kí o bá òun dín tòun kù sí ìdajì. Ó ní kí o má kó gbogbo rẹ̀ lọ o, pé bí ẹ̀rù bá tán pátá, alángbá á wá máa bá àwọn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o pè wá, tí o ní ọ̀gá yín fẹ́ yọ jẹ́jẹ́ kúrò, pé àwọn tó ń mú un kò pọ̀, pé ẹni tí kò bá lè wọ èyí tó le kó jókòó síta, ohùn rẹ yí padà. Mo mọ̀ pé o sunkún. Ìyá rẹ náà mọ̀. A mọ ẹni tí o ní lọ́kàn tí o fi ṣe jẹ́jẹ́ yẹn, nítorí láti ìgbà tí ìjì ti ṣí ilé mọ́ wa lórí lóru ni ìyá rẹ kò ti lè wọ ibi tó bá ṣókùnkùn mọ́. Ọ̀sán gangan ni o, á dúró lẹ́nu yàrá tí a ń kó ẹrù sí, á ní kí n wá bá òun mú iyọ̀. Mo ti fi ṣe ẹlẹ́yà, mo ti bínú, kò yí padà. Nígbà tí o wá fi ìwé ìwọlé ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì, ó ní kò burú, òun á tẹ̀lé mi lọ, òun á máa bá mi di báàgì mú níta.

A dé ibẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti rán ọ lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní ọgbà mìíràn. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tọ́jú wa bí ẹni pé àwa la bí i. Ó kúnlẹ̀ kí wa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn wọn ń dún kíyọ̀kíyọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, pé káfíńtà ni mí, kó bá mi wá epo díẹ̀ wá kí n bá wọn fi sí i kí èèyàn pàtàkì tó dé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ariwo yẹn gan-an la sanwó fún. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, mo júbà yín.

Ló bá kó ẹ̀gbà ọwọ́ oníbébà síta. Funfun ni jẹ́jẹ́, aláwọ̀ ewé ni níwọ̀nba, pupa ni gidi gan-an. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti rí àwọ̀ náà lọ́wọ́ èèyàn, á mọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Mo bi í pé ojú ọkọ̀ náà dà, ó ní ó wà níwájú, mo sì lọ kí i. Pupa ni mo ní kó fún mi. Èmi tí mo ti gun gbogbo òrùlé abúlé yìí tán, kí ló kù tó fẹ́ dẹ́rù bà mí? Mo wá bi í pé èló ni wọ́n ń ta funfun, ó ní iye kan náà ni gbogbo wọn. Èyí bí mi nínú díẹ̀. Mo ní ẹni tó ra pákó kúkúrú kì í san owó pákó gígùn, báwo ni ẹ̀rù kékeré ṣe máa jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ẹ̀rù ńlá? Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.

Ó yíjú sí ìyá rẹ tó ti kó báàgì méjèèjì mọ́ àyà, tó ń wo àga tó wà níta. Ó ní Màmá, èwo ni tiyín? Ìyá rẹ ní kò sí tòun, pé bàbá yìí lòun sìn wá. Ọmọ náà ò fà á, kò sì tì í. Ó kàn ń ṣàlàyé pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ pé nínú funfun, iná kéékèèké máa wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé nǹkan kan ò ní sún mọ́ yín, pé bọ́tìnnì kan wà níwájú yín, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á dúró, iná á sì tàn. Ó ní ọmọ yín ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ bi í pé ṣé ọmọ mi gan-an ló ní kí wọ́n fi iná sílẹ̀? Ó ní òun gan-an ni. Ìyá rẹ gbé báàgì sílẹ̀, ó na ọwọ́.

Wàhálà tó kù ni pé àwọn tó bá jókòó sínú ọkọ̀ kan náà, àwọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀. Mo bọ́ pupa, mo gba funfun. Mo fẹ́ kó yé ọ pé nítorí ìyá rẹ ni o.

A wọlé. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú pinpin, ó fi ọwọ́ kejì bojú. Egungun òkú kan dìde nínú pósí lọ́ọ̀ọ́kán, mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Obìnrin kan tí kò lórí ń gbálẹ̀, n kò mọ bó ṣe ń rí ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Lóòótọ́ ni àwọn iná rẹ wà nílẹ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ bíi tanátaná. Ìyá rẹ ṣí ìka kan, ó yọjú. Ó ṣí èkejì. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí àdán pọ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ pátápátá, ó ń nàka sí wọn, ó ní kí n wò ó, okùn ni wọ́n so mọ́ wọn. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti fẹ́ atẹ́gùn tútù sí mi lọ́rùn.

Ọmọ mi, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ohùn kan láti òkè bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ sì ké sí i pé kò sí nǹkan kan o, bàbá àwọn ọmọ òun ló ń fọwọ́ kan nǹkan kiri, kí wọ́n jọ̀ọ́ pa iná yẹn kí àwọn máa lọ. Ìyá rẹ ló ní kí wọ́n pa iná.

Nígbà tí a jáde, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá ń ṣa bébà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Agbálẹ̀ ni mo pè é, mo sì fún un ní owó kó fi ra omi tútù, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bi ìyá rẹ pé ṣé jẹ́jẹ́ yẹn kò rọ̀ jù. Ìyá rẹ ní kí ló ń jẹ́ rírọ̀, ṣé iṣẹ́ ọmọ òun ló ń pè bẹ́ẹ̀? Ó ní láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gbádùn ara wọn, ẹrù lòun máa ń bá wọn ṣọ́. Àwọn ọmọ bọ́ sódò, òun ń ṣọ́ bàtà. Ọkọ òun lọ jó, òun ń ṣọ́ fìlà. Kò sí ẹni tó bi òun rí pé èwo ni tiyín, àfi ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn lónìí. Ọkùnrin náà kó bébà ọwọ́ rẹ̀ sápò. Ó ní Màmá, ẹ ò wá gbìyànjú aláwọ̀ ewé wò? Mo ti lanu láti bá a dáhùn pé kò lè ṣe é, ìyá rẹ ti dìde. Ó kó báàgì méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó dá wọlé.

Mo jókòó. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó figbe ta, mo dìde. Ó tún figbe ta, mo ti rìn dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́rùn. Ẹ̀rín ló wá tẹ̀ lé e, ẹ̀rín tí mo mọ̀ nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra, tí mo ti rò pé ó bá ìjì yẹn lọ. Ó jáde, gèlè ti já bọ́ sí ọrùn, ó ní òun ti gbá egungun kan létí, kí ẹnì kan jọ̀ọ́ lọ bá òun bẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí a sọ fún ọmọ wa pé funfun ò lọ síbì kankan mọ́. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó ṣọ́ra, pé agbálẹ̀ kì í bá ọ̀gá ṣèlérí, wọ́n lè lé e dànù. Ó dúpẹ́ ìmọ̀ràn. Ìgbà tó lọ tán ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún wa pé ọ̀gá yín pátápátá nìyẹn. Láti ìlà yìí lọ, “wọ́n” ni mo máa pè wọ́n. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti sọ fún ọ, ìdí tí mo fi ń yára kọ̀wé nìyí: jẹ́jẹ́ rẹ ti dúró.

Ó ku owó. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, a fẹ́ padà wá kí oṣù yìí tó parí. Má fi sínú fóònù, nítorí baba onígbàjámọ̀ máa ń yá a pe àwọn èèyàn rẹ̀, n kò sì fẹ́ kó fi owó mi sọ̀rọ̀ tán. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí o ṣẹ́ díẹ̀ kún un kí n fi ra bàtà tó dúró dáadáa. Ìyá rẹ ní pupa ni òun máa wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti ń múra ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ de àwọn egungun. Funfun ni kí o mú sílẹ̀ fún èmi. Bó bá bi ọ́ léèrè, sọ fún un pé ẹyọ pupa kan ló kù.

Ọ̀nà rẹ á là. Ibi tí o bá fọwọ́ lé á dára, ẹni tó bá rí iṣẹ́ rẹ á béèrè ẹni tó bí ọ, a ó sì wà láyé láti dáhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tí ẹ̀rù kì í bà.